Abúlé Ẹlẹ́rìí

Albertine ń ránṣọ ní àdúgbò Plateau, ní Ṣábẹ̀ẹ́, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ omi wá kàn án. Ó ti ka ìwé dé sẹ̀tífíkà, ó gbọ́ Faransé, ó sì gbọ́ èdè wa bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé àti lóko. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Parakou, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Ọ̀gá ìjọba kan ló dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Ó ní, "Kámáráàdì Albertine kì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tí ẹ bá sọ náà ni yóò tún sọ."

Ìgbà Ìyípadà ni, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kámáráàdì. Àwọn òyìnbó kan fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun pé kí wọ́n gbẹ́ kànga oní-pọ́ǹpù sí àwọn abúlé apá Sakin, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ará ibẹ̀ bí a ti ń gbẹ́ ṣálángá, kí àwọn ènìyàn yé lọ sínú igbó. Wọ́n gbẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọn olówó ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá owó àwọn ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Félix nìyẹn.

Félix jẹ́ ọmọ Abomey tó kàwé ní Cotonou. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni, tó bá sì ń ronú, á bọ́ dígí ojú rẹ̀, á máa fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Kò gbọ́ èdè wa. Òun àti Albertine ni wọ́n jọ ń wọ báṣéè, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, lọ sóko ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí sòbìà máa ń jáde lára àwọn ènìyàn. Félix á béèrè ní Faransé, Albertine á tún un béèrè ní èdè wa, wọ́n á gbọ́ èsì, wọ́n á kọjá sí ilé kejì.

Abúlé méjì ni wọ́n yàn. Ọ̀kan ni Ìdí-Ẹmì, tó ní pọ́ǹpù láàárín ìlú, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì yí ká. Èkejì ni Igbó-Ẹdun, tí kò ní. Adágún kan lẹ́yìn abúlé ni àwọn ará Igbó-Ẹdun ń pọn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, omi rẹ̀ á fà sẹ́yìn, àwọn obìnrin á wọ inú rẹ̀ dé orúnkún kí wọ́n tó rí èyí tó ṣe é bù. Ẹni tí sòbìà ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń wọ ibẹ̀, ẹni tí kò ní in sì ń mu ún.

Igbó-Ẹdun yìí ni Rosalie, ẹ̀gbọ́n Albertine, ti ń gbé nílé ọkọ. Àbíbù ni ọkọ rẹ̀. Ó pẹ́ ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti ń mọlé fún àwọn ènìyàn, títí ìjọba Nàìjíríà fi lé àwọn àlejò. Ó gbé àpótí kan àti rédíò kan wálé, ó sì kọjú sí ebè iṣu bí ẹni tí kò fi oko sílẹ̀ rí. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n ní, Zénabou. Àbíbù fẹ́ràn àwàdà. Bí Albertine bá dé, á ní, "Ìyàwó mi kékeré dé, ẹ bá mi wá àga tó dára."

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, tí Félix béèrè ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, Bachirou, tó jẹ́ dẹ̀lẹ̀gé, aṣojú ìjọba ní abúlé náà, sún àga rẹ̀ síwájú.

"Ẹ bá wa bi í léèrè," ó wí fún Albertine. "Tiwa dà? Ìgbà wo ni pọ́ǹpù tiwa ń bọ̀?"

Albertine tún un sọ. Félix bọ́ dígí ojú rẹ̀.

"Ẹ sọ fún wọn pé abúlé wọn wúlò fún wa púpọ̀," ó wí. "Village témoin ni."

Albertine yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó mọ ohun tí témoin jẹ́. Ẹni tí wọ́n pè sílé ẹjọ́ pé kó wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ni. Kò mọ ìtumọ̀ mìíràn fún un. Ó yíjú sí àwọn àgbà.

"Ó ní ẹ wúlò fún àwọn púpọ̀. Ó ní abúlé ẹlẹ́rìí ni yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn. Bachirou mi orí, ó tún un sọ fún ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Àbíbù tó jókòó sórí odó tó dojú dé ní, "Tí àwa bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, a jẹ́ pé ẹjọ́ ń bẹ nílẹ̀. Ta ló pe ta lẹ́jọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Félix náà rẹ́rìn-ín nítorí pé ó rí wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n gbé iṣu àti ẹtù kan sẹ́yìn báṣéè fún wọn.

Ní Ìdí-Ẹmì, obìnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ́tótó. Albertine wòye bó ti ń ṣe é. Obìnrin náà ní pọ́ǹpù dára, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kì í bá ènìyàn lọ sóko. Bí òùngbẹ bá gbẹ yín lóko, ó ní, tó jẹ́ omi adágún lẹ rí, ẹ fi aṣọ funfun tí ojú rẹ̀ há bo ẹnu igbá, kí ẹ sẹ́ omi náà kí ẹ tó mu ún. Ohun tó ń di sòbìà kò lè gba ojú aṣọ kọjá. Ó pín aṣọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Albertine wo etí aṣọ náà, ó rí i pé wọn kò ṣẹ́ ẹ, yóò tú láìpẹ́. Ohun tó rò lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, sòbìà yọ lókè ọrùn ẹsẹ̀ Àbíbù. Ó ti ń yọ lára rẹ̀ láti kékeré, kò kà á sí. Ó wé orí sòbìà náà mọ́ igi pẹlẹbẹ kan, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ lárààárọ̀ bí baba rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kan, bó ti ń dìde lórí ẹní, igi náà há mọ́ ẹní, sòbìà já sínú ẹran ara. Ẹsẹ̀ náà wú dé itan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ kọ ebè, òun ń gbọ́ ohùn wọn láti inú ilé. Rosalie ń fi omi gbígbóná nu ún, ó sì ń fi ewé dì í.

Ara rẹ̀ fẹ́ máa balẹ̀ nígbà tó sọ lówùúrọ̀ kan pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro òun. Nígbà tó máa di ọ̀sán, kò lè la ẹnu mu ẹ̀kọ. Wọ́n dì í mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ọkùnrin kan jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà ṣubú, wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní Ṣábẹ̀ẹ́. Dókítà ní ojú egbò ni àrùn náà gbà wọlé, tétánọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, ó sì ti pẹ́ jù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn, bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án lójú, gbogbo ara rẹ̀ á le, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun. Nítorí náà wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé. Albertine jókòó sínú òkùnkùn náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àbíbù kú ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kejì.

Rosalie sunkún. Albertine kò sunkún. Nígbà tí wọ́n sin ín tán ní Igbó-Ẹdun, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó rán káakí ọmọ ilé ìwé kan tó ti gé sílẹ̀ kó tó di pé wọ́n wá pè é. Ẹni tó ni aṣọ náà wá gbà á, ó kí i kú iṣẹ́, Albertine sì dáhùn. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì korò. Nígbà mìíràn ó máa ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àkókò ìbéèrè tún dé. Báṣéè wá gbé e.

Ní Igbó-Ẹdun, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà Rosalie. Rosalie wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ opó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Félix ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dúró, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Màdáàmù Albertine, a lè fo ilé yìí. Ẹ lọ jókòó nínú ọkọ̀."

"Kí ló wí?" ni Rosalie bi í.

"Ó ní a lè fo ilé yín, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló dé tí ẹ máa fi fò ó? Ilé kọ́ ni?"

Rosalie gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ẹ jókòó. Ẹ béèrè bí ẹ ti ń béèrè lọ́dọ̀ àwọn yòókù."

Félix jókòó, Albertine náà jókòó.

"Ta ni olórí ilé yìí?" ni Albertine béèrè.

"Àbíbù."

Félix kò kọ ọ́. Rosalie wò ó.

"Àbíbù ni olórí ilé. Ó ti kú."

"Láti ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá títí di ìsinsìnyí, ǹjẹ́ sòbìà jáde lára ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí?"

"Ó jáde lára bàbá Zénabou. Ó jáde lára èmi náà, lọ́wọ́."

Ìbéèrè tó kàn ni ti iṣẹ́. Albertine mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó ti béèrè rẹ̀ ní gbogbo ilé láti àárọ̀. Ó bi í, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Ọjọ́ mélòó ni ẹni tí sòbìà náà mú kò fi lè lọ sóko?"

Rosalie ronú sí i. "Bá mi bi í," ó wí. "Ṣé kí n kà á dé ọjọ́ ikú ni, àbí kí n máa kà á lọ?"

Albertine yíjú sí Félix, ó tún un sọ ní Faransé. Gẹ́gẹ́ bí Rosalie ti sọ ọ́ ló sọ ọ́. Félix gbé bíìkì tó fi ń kọ̀wé sókè kúrò lórí ìwé.

"Dé ọjọ́ ikú," ó wí.

"Ó ní dé ọjọ́ ikú, ẹ̀gbọ́n mi."

Rosalie kà á fún wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n bi í léèrè nípa omi, nípa ìkòkò, nípa ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, ó fa àtẹ ẹ̀wà rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ìrèké kọjá níwájú wọn, eruku bo gbogbo ojú ọ̀nà, awakọ̀ wọn rọra dúró kí eruku náà lè lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Albertine ti béèrè.

"Mùsé Félix, kí ni témoin?"

Félix wò ó. "Ẹ kò mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ èyí tí wọ́n ń pè sílé ẹjọ́."

Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. Kò parọ́ fún un. Ó ní bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí pọ́ǹpù ṣe, ó gbọ́dọ̀ wo ibi tó wà, kó sì wo ibi tí kò sí, kó fi ọ̀kan wé èkejì. Ibi tí kò sí yẹn ni témoin. Wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ títí ìwádìí yóò fi parí. Bí wọ́n bá fún abúlé méjèèjì, kí ni wọn yóò fi wo ìyàtọ̀?

"Àti aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi?"

"Aṣọ náà."

"Ẹ mọ̀ pé aṣọ lè dá sòbìà dúró."

"A mọ̀."

"Ẹ kò sọ fún wọn."

"Bí a bá sọ fún wọn, wọn kì í ṣe témoin mọ́." Ó gbé dígí padà sójú. "Lẹ́yìn èyí, owó máa wá fún gbogbo abúlé. Ìdí tí a fi ń ṣe é nìyẹn. Mo gbà á gbọ́, màdáàmù."

"Mo gbọ́," ni Albertine wí.

Eruku lọ sílẹ̀, awakọ̀ tẹ mọ́tò, wọ́n ń lọ.

Ní ọjọ́ ọjà, ó lọ sọ́dọ̀ Àdìjá, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta aṣọ, ó ra aṣọ òwú funfun. Ó gbé e síwájú oòrùn kó tó sanwó, láti wo bí ojú rẹ̀ ti há tó. Àdìjá bi í bóyá ẹnì kan kú ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gé aṣọ náà ní róbótó, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ki okùn sínú etí náà kí ènìyàn lè fà á mọ́ ẹnu ìkòkò. Ó rán an ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn oníbàárà bá ti lọ, títí ó fi kún àpò kan. Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ ọlọ́jà lọ sí Igbó-Ẹdun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Ó jókòó níwájú Bachirou àti àwọn àgbà, Rosalie wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé ohun tí témoin jẹ́ fún wọn gẹ́gẹ́ bí Félix ti ṣàlàyé rẹ̀, kò fi kún un, kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tó parí, ewúrẹ́ kan ń họ ara mọ́ ògiri.

"Nítorí náà," ni Bachirou wí, "bí ara wa bá le, a ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Bí ara wa kò bá le ńkọ́?"

"Iṣẹ́ wọn á dára."

Bachirou wo ọwọ́ ara rẹ̀. Wọ́n rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ga. "Àbíbù béèrè ẹni tó pe ẹjọ́," ó wí. "A fi í rẹ́rìn-ín." Ó na ọwọ́ sí àpò náà. "Ẹ fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn wá."

Rosalie ló gbé ìkòkò wá. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń wo ẹnu ìkòkò àwọn ènìyàn, bó bá sì rí èyí tí kò ní aṣọ, á jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi so ó mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó lè bá opó Àbíbù jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ọkùnrin náà to òkúta sí etí adágún kí àwọn obìnrin lè máa bu omi láìwọ inú rẹ̀, wọ́n sì yan àgbàlagbà kan tó ń jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, tó ń dá ẹni tó ní sòbìà padà.

Sòbìà tó ti wà lára kí aṣọ tó dé jáde ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Félix sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò wo ẹ̀yìn ilé ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ìkejì, ẹni tó mú kò tó nǹkan.

Félix ń lọ láti ilé dé ilé, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èsì tí ó ń gbọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Ó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ hàn òun. Wọ́n fi hàn án, ẹsẹ̀ náà mọ́. Nígbà tó wọ ẹ̀yìn ilé kan láti wo ìkòkò, ó rí aṣọ funfun lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fà mọ́ ọn pinpin. Ó lọ sí ilé kejì, ó rí i níbẹ̀. Ó fọwọ́ pa etí aṣọ náà tí a ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni," ni Albertine wí.

"Ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó mú un lọ́wọ́, kò nù ún. Àwọn ọmọdé ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

"Mo ní láti kọ ọ́," ó wí níkẹyìn.

"Ẹ kọ ọ́."

Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn wá láti Cotonou. Kò bínú. Ó dàbí ẹni tí oorun ń kùn. Nínú ọ́fíìsì kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó sọ fún Albertine pé òun mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣòfò, òun sì bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbogbo ọdún tó kọjá ti bàjẹ́. Bí òun bá lọ sọ́dọ̀ àwọn olówó tí òun kò lè fi ìyàtọ̀ hàn wọ́n, wọ́n lè ní pọ́ǹpù kò wúlò, kí wọ́n gbé owó wọn lọ ibòmíràn, kí abúlé púpọ̀ má sì rí omi. Ṣé ó ti ro ìyẹn?

Albertine wò ó. Ó mọ̀ pé ohun tó sọ lè jẹ́ òótọ́. Ó wá ìtìjú nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó wá ìbínú, kò rí ìyẹn náà.

"Ó yé mi, mùsé," ó wí.

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe, wọ́n sì ní kó máa lọ. Wọ́n yọ orúkọ Igbó-Ẹdun kúrò, wọ́n ní àwọn yóò wá abúlé mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Igbó-Ẹdun wá di ọ̀kan lára àwọn abúlé tó ń dúró de pọ́ǹpù. Bachirou kò rí pọ́ǹpù náà kó tó kú. Nígbà tí pọ́ǹpù dé, ọ̀rọ̀ kámáráàdì ti ń kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn, àwọn tó wá gbẹ́ ẹ kì í sì ṣe àwọn tó kọ́kọ́ wá. Rosalie kò lè dá kọ ebè. Ó fi oko sílẹ̀ fún àbúrò Àbíbù, ó ń din gàrí, ó ń gbé e wá tà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó sì fi Zénabou sọ́dọ̀ Albertine kó máa kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Bó bá wá, ó ń sùn lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ gàrí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òjò. Wọn kì í dárúkọ Àbíbù. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, bí Rosalie ti ń tú gèlè, ó ní, "Ká ní aṣọ yẹn ti dé lọ́dún tó ṣáájú." Albertine ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi." Wọ́n pa fìtílà.

Félix ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà nínú báṣéè, á gbé ọwọ́ sókè, Albertine náà á gbé tirẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bọ́ sílẹ̀, ó wọlé, ó kó ṣòkòtò kan tí a fi ìwé ìròyìn wé lọ́wọ́. Ó ti rù sí i. Ó ní kí Albertine bá òun dín ìdí ṣòkòtò náà kù.

Félix wọ̀ ọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó jáde, ó dúró. Albertine kúnlẹ̀, ó ń fi ẹfun fa ìlà síbi tí yóò ti rán an, abẹ́rẹ́ wà létè rẹ̀. Zénabou ń lọ aṣọ nídìí fèrèsé.

"A ti rí abúlé témoin mìíràn," ni Félix wí. Òde ló ń wò. "Lápá Okpara."

Albertine yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Alùpùpù kan kọjá.

"Ó jìnnà," ó wí.

"Ẹ yí sọ́hùn-ún díẹ̀," ni Albertine wí.

Ó yí. Albertine fa ìlà kejì, ó kan abẹ́rẹ́ mọ́ ọn, ó dìde, ó ní kó wá gbà á ní ọjọ́ Sátidé.